Àyìndé Bákàrè

Sàíbù Àyìndé Bákàrè Àjíkòbi (1912–1972) jẹ́ olórin jùjú àti onígìtá ọmọ Yorùbá tí a bí sí Èkó ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwo orin fún ilé-iṣẹ́ His Master's Voice ní ọdún 1937, ó sì wà lára àwọn tó gbé orin jùjú kúrò nínú pálọ̀ àwọn ọlọ́lá Èkó lọ sí ojú agbo ńlá. Ohun tí ìtàn fi ń rántí rẹ̀ jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1949. Ní ọdún náà ni ó di olórin jùjú àkọ́kọ́ tó so gìtá mọ́ áńpílífáyà, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tó ń sọ ohùn tín-ín-rín di ohùn ńlá. Kí ó tó lè ṣe èyí, ó ní láti gbé ohun èlò tí àwọn ènìyàn ti fi mọ̀ ọ́n sílẹ̀, kí ó sì mú òmíràn lọ́wọ́.

Ìbí àti orúkọ rẹ̀

Láfíàjì, ní Erékùṣù Èkó, ni a bí Àyìndé Bákàrè sí ní ọdún 1912. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, Àjíkòbi tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ àdúgbò ńlá kan nínú ìlú Ìlọrin. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti tó láti fi irú ilé tó ti wá hàn. Orúkọ Mùsùlùmí tí ahọ́n Yorùbá ti tún rọ ni Sàíbù àti Bákàrè. Láti ara Abu Bakr ni Bákàrè ti jáde. Àyìndé ní tirẹ̀ jẹ́ oríkì ọmọkùnrin, irú èyí tí ìyá fi ń pe ọmọ nígbà tó bá fẹ́ kí orí rẹ̀ wú. Kò ṣàjèjì kí oríkì borí orúkọ àbísọ láàárín àwọn olórin Yorùbá, nítorí pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ki ẹlòmíràn, oríkì ni ó yẹ kí a fi máa pe òun náà.

Èkó tí ó dàgbà sí kún fún oríṣiríṣi ìró. Láfíàjì kò jìnnà sí Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn tí àwọn baba wọn ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wá ń gbé. Àwọn ni wọ́n mú ìlù onígi mẹ́rin tí a ń pè ní sáńbà wá. Àwọn atukọ̀ Kúrù tó ń sọ̀kalẹ̀ ní èbúté mú ọgbọ́n títa gìtá wá láti etí òkun. Àwọn Mùsùlùmí ní wákà àti sákárà, àwọn ọ̀dọ́ ń jó àṣíkò, bẹ́ẹ̀ ni dùùrù ń dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Inú àdàlù yìí ni jùjú ti jáde.

Jùjú kí ẹ̀rọ tó dé

Ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó dá orin jùjú sílẹ̀ ní Èkó ni Túndé King, tí òun náà ṣe àwo fún ilé-iṣẹ́ Parlophone ní ọdún 1936. Ẹgbẹ́ King kò ju ènìyàn mẹ́ta lọ ní ìbẹ̀rẹ̀: òun fúnra rẹ̀ tó ń kọrin tó sì ń ta báńjò, ẹnì kan tó ń lu ìlù pẹlẹbẹ olójú awọ tí a ń pè ní jùjú, àti ẹnì kan tó ń jan ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n fi ẹnì kan kún un láti máa gbe orin. Ìtàn kan sọ pé ohun tó fún orin náà lórúkọ ni bí onílù ṣe máa ń ju ìlù náà sókè tí yóò sì hán an. Inú pálọ̀ àti ẹ̀hìnkùlé ni wọ́n ti ń ṣeré, níbi tí àwọn akọ̀wé ìjọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn amòfin ti ń ṣe fàájì lálẹ́. Bí ènìyàn ogún tàbí ọgbọ̀n bá pé jọ, ayẹyẹ ti kún nìyẹn.

Ìlànà Túndé King ni Àyìndé Bákàrè kọ́. Ohun èlò tó kọ́kọ́ mú ni báńjò kékeré olókùn mẹ́rin tí àwọn Òyìnbó ń pè ní ukulele-banjo. Ọ̀run rẹ̀ dà bí ti gìtá kékeré, ṣùgbọ́n awọ tí a fà le lórí róbótó igi ni ojú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ojú ìlù. Ìró rẹ̀ mú, ó sì máa ń gé ṣókí. Kì í pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ bí ìró gìtá. Èyí gan-an ni àwọn olórin ìgbà náà ń fẹ́, nítorí pé ohùn tó mú ni ó lè la ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kọjá kí ó sì dé etí ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Báńjò yìí ni ó wà lọ́wọ́ Bákàrè nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwo fún His Master's Voice ní ọdún 1937.

Àwo ìgbà náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Olórin tó mọ̀ pé òun lè kọrin láti alẹ́ títí di ìdájí níbi òkú tàbí ìkómọjáde ní láti gé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Síbẹ̀, àwo náà ní àǹfààní kan tí ojú agbo kò ní. Níwájú makirofóònù ilé-iṣẹ́ àwo, a lè sún akọrin mọ́ iwájú kí a sì ti onílù sẹ́yìn títí ohùn gbogbo yóò fi dọ́gba. Bí ẹgbẹ́ kan náà bá dé ìta gbangba, ìdọ́gba náà a fọ́. Bí èrò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ohùn olórin ń rì sí i.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀ràn kékeré nínú orin Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ni jùjú: orúkọ ẹni tó pe olórin, orúkọ bàbá rẹ̀, ibi tó ti wá, ìwà rẹ̀ àti ọ̀tá tó ṣẹ́gun. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá ta sí etí ẹni tí a ń kì, kò ní dìde, bí kò bá sì dìde, kò ní lẹ owó mọ́ iwájú orí olórin. Ní ìdàkejì, ìlù ló ń gbé ijó. Àwọn ènìyàn sì ń fẹ́ ìlù púpọ̀. Olórin jùjú tó bá mú onílù kan sí i ń dín ohùn ara rẹ̀ kù. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ jùjú fi wà ní ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá.

Ogun àti ohùn àtọwọ́dá

Ogun Àgbáyé Kejì dá ọ̀pọ̀ nǹkan dúró. Túndé King fúnra rẹ̀ kúrò ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 1939, ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì fi wà ní òkèèrè kí ó tó padà wá sílé ní ọdún 1954. Àwọn bíi Bákàrè tó dúró sí Èkó ni wọ́n mú kí orin náà má bàa kú.

Ṣùgbọ́n ogun náà gbé ohun kan wá sí Èkó tí àwọn olórin kò retí. Láàárín ọdún ogun ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn alágbèéká dé: makirofóònù kan, àpótí áńpílífáyà kan àti sípíkà kan tàbí méjì tí ọkọ̀ lè gbé láti ibì kan dé ibòmíràn. Nígbà tí ọdún 1949 fi máa sún mọ́, ó ti di ohun tí àwọn olórin Yorùbá ń lò déédéé. Ohùn ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi í gbé. Bí akọrin bá dúró níwájú makirofóònù, ohùn rẹ̀ lè dé òpin àdúgbò. Báńjò rẹ̀ a sì kù sẹ́yìn níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ohun tó mú ẹ̀rọ náà dé ara okùn orin ni makirofóònù alálẹ̀mọ́. Ó yàtọ̀ sí ti ẹnu, nítorí kì í gbọ́ ohùn tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ara igi ni a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Gbígbọ̀n igi náà ni ó ń sọ di iná mànàmáná. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kì í wọ inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ariwo èrò kì í sì wọ inú rẹ̀ rárá.

Bákàrè gbìyànjú irú makirofóònù yìí wò ní ọdún 1949, ibẹ̀ ni báńjò ti kọ̀ fún un: kò sí ibi tí a lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ lára rẹ̀. Awọ ni ojú báńjò, kì í ṣe pákó. Ohunkóhun tí a bá sì gbé lé awọ tó ń gbọ̀n, yóò pa á lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí onílù ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìlù lẹ́nu. Gìtá onípákó, èyí tí àwọn olórin ń pè ní gìtá alápòótí, ní ojú igi fífẹ̀ tó gba makirofóònù náà láìjanpata. Bákàrè fi báńjò sílẹ̀, ó mú gìtá.

Ó rọrùn láti ka èyí sí ohun kékeré, àmọ́ ọ̀nà tí ọwọ́ fi ń tẹ okùn lórí báńjò olókùn mẹ́rin yàtọ̀ sí ti gìtá olókùn mẹ́fà, ohùn tí etí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì ti mọ̀ fún ọdún méjìlá ni ó ń fi sílẹ̀. Ọmọ ọdún 37 ni nígbà náà. Ọ̀pọ̀ olórin kì í pààrọ̀ irinṣẹ́ ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ àfi bí ebi bá lé wọn.

Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́

Áńpílífáyà ọdún 1949 kò ní ìkankan nínú àwọn ohun tíntìntín tó wà nínú ti òde òní. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tíráńsítọ̀ àkọ́kọ́ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, kò sì tíì dé ọjà Èkó. Ohun tó wà nínú àpótí náà ni fáàfù, ìyẹn ìgò gíláàsì tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. John Ambrose Fleming ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1904; ní ọdún 1906, Lee de Forest ní Amẹ́ríkà fi wáyà kan sí àárín rẹ̀, wáyà yìí ni ó sì sọ ọ́ di ohun tó lè sọ kékeré di ńlá.

Nínú fáàfù, irin tín-ín-rín kan ń gbóná títí yóò fi pọ́n, ooru rẹ̀ sì ń mú kí iná mànàmáná máa bọ́ kúrò lára rẹ̀ bí oruku. Ní apá kejì ni pẹpẹ irin kan wà tí a fi agbára iná tó tó 200 sí 300 fóòtì sí, èyí tó ń fa àwọn oruku náà mọ́ra. Wáyà àárín ni olùṣọ́nà. Ó dà bí ọmọdé tó dúró lẹ́nu ojú ìṣàn omi pẹ̀lú pákó lọ́wọ́: bí ó bá yí pákó díẹ̀, omi púpọ̀ yóò kọjá tàbí kí ó dáwọ́ dúró. Iná kékeré láti ara gìtá ni ó ń yí pákó náà. Ìṣàn ńlá tó kọjá ni ó ń di ohùn nínú sípíkà.

Iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ìpele àkọ́kọ́ ni ó ń gba ohùn tó kéré jù, ó ń gbé e dìde díẹ̀, kí ìpele ìkẹyìn tó fi agbára tì í wọ sípíkà. Ìpele àkọ́kọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ wà jù, nítorí pé àṣìṣe yòówù tó bá wọ ibẹ̀ ni gbogbo ìpele tó kù yóò sọ di ńlá. Ọ̀pọ̀ makirofóònù alálẹ̀mọ́ ìgbà náà jẹ́ ti òkúta dídán, irú èyí tí a fi iyọ̀ Rochelle ṣe. Ohùn rẹ̀ ga ṣùgbọ́n kò lágbára; bí a bá so ó mọ́ ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ wúwo, ohùn ìsàlẹ̀ yóò sá lọ, gìtá yóò sì máa dún bí agolo. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnu áńpílífáyà náà fúyẹ́, kí ìdènà rẹ̀ tó mílíọ̀nù ohm kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán iná gíráamafóònù jọ èyí, ìdí sì nìyẹn tí ihò gíráamafóònù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ rédíò ayé ọjọ́un fi gba irú makirofóònù bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà. Ẹni tó bá mọ rédíò tún ṣe ti mọ ìlàjì áńpílífáyà.

Àìsàn ẹ̀rọ náà pọ̀, olúkúlùkù wọn sì ní ohùn tí a fi ń dá a mọ̀. Bí ó bá ń hun lábẹ́lẹ̀ bí oyin, ó lè jẹ́ pé wáyà gìtá kò ní ìbora irin tó dára, tàbí pé kò fara kan ilẹ̀; bí olórin bá fọwọ́ kan okùn tí ìhun náà sì rọlẹ̀, ibẹ̀ ni a ó wò. Bí ìhun náà bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò sì yí padà bí a tilẹ̀ yọ wáyà gìtá kúrò, kàpásítọ̀ ńlá tó ń tún iná ṣe ni ó ti gbẹ. Ooru ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí ó pẹ́. Bí gbogbo àpótí bá ń dún gbàn-ìn bí agogo nígbà tí ènìyàn bá rìn kọjá, fáàfù àkọ́kọ́ ni irin inú rẹ̀ ti tú. Ẹni tó ń tún un ṣe yóò mú ìdí pẹ́ńsù, yóò máa fi kan àwọn ìgò náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí èyí tó jẹ̀bi yóò fi pariwo. Bí ohùn bá ń ya tí pẹpẹ fáàfù ìkẹyìn sì ń pọ́n, a jẹ́ pé kàpásítọ̀ tó wà láàárín ìpele méjì ti ń jò. Fífi fáàfù mìíràn sí i láìpààrọ̀ kàpásítọ̀ náà, owó ni ènìyàn ń sọ dànù.

Àìsàn tó ba ti ẹ̀rọ Èkó jẹ́ jù ni ti ọ̀rinrin. Iyọ̀ Rochelle ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí ooru bá sì dé nǹkan bí ìwọ̀n 55 ní òṣùwọ̀n Celsius, ó bàjẹ́ pátápátá. Makirofóònù tí a gbàgbé sínú ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán lè má dún mọ́ ní alẹ́. Ewu tirẹ̀ tún wà fún ẹni tó ń ṣí àpótí náà: kàpásítọ̀ lè di iná 300 fóòtì mú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ. Àwọn tó gbọ́n nínú iṣẹ́ náà máa ń fi ọwọ́ kan sẹ́yìn nígbà tí ọwọ́ kejì bá wà nínú rẹ̀, kí iná má bàa gba àyà kọjá.

Ibi tí iná yóò ti wá tún jẹ́ ọ̀ràn. Èkó ti ní iná ẹ̀lẹ́tíríìkì láti ìparí ọ̀rúndún 19, ṣùgbọ́n ní ọdún 1949, kò tíì dé ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá. Ní ilẹ̀ Àkókó, ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, níbi tí owó kòkó ti ń mú kí ayẹyẹ máa gbòòrò, fìtílà ni a fi ń ṣe àṣemọ́jú. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lo áńpílífáyà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní láti gbé bátìrì ọkọ̀ dání pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń sọ fóòtì mẹ́fà tàbí méjìlá di ọgọ́rùn-ún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá wá. Bí bátìrì bá rẹ̀ láàárín òru, ohùn a máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí olórin yóò fi padà sí ọ̀fun rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ńlá

Ní ọdún 1948, ọdún kan ṣáájú gìtá Bákàrè, Àkànbí Wright ti mú gángan wọ inú jùjú. Ìgbésẹ̀ méjèèjì yìí ni ó para pọ̀ tún orin náà dá. Gángan ń sọ̀rọ̀. Ó lè kì ènìyàn, ó lè pa òwe, ó sì lè bú ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le, bí kò bá sí áńpílífáyà, yóò bo olórin mọ́lẹ̀ ni. Nígbà tí ohùn ẹnu àti okùn gìtá ti lè ga bí a bá ṣe fẹ́, olórí ẹgbẹ́ lè pe onílù méjì, mẹ́ta, mẹ́rin láìbẹ̀rù. Agídìgbo wọlé, àkúbà wọlé, ìlù kọ́ńgà náà sì wọlé. Nígbà tí ó fi máa di àárín ọdún 1950 sí 1960, ẹgbẹ́ jùjú tó ní ènìyàn mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án kò ṣàjèjì mọ́.

Ohun ìyanu tó wà nínú èyí ni pé ẹ̀rọ Òyìnbó ni ó mú jùjú padà sún mọ́ ìlù Yorùbá. Jùjú ọdún 1936 jọ orin etí òkun ju ti òkè lọ. Ti ọdún 1956 ní gángan láàárín, ó ní oríkì gígùn, ó sì ní ìlù tó ń dá ara wọn lóhùn. Ẹni tó bá rò pé áńpílífáyà sọ orin náà di ti àjèjì kò gbọ́ àwo ìgbà méjèèjì wò.

Bákàrè fúnra rẹ̀ kò pa ìwà jẹ́jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ tì. Gìtá rẹ̀ kì í pariwo. Ó máa ń tẹ̀ lé ohùn ẹnu, ó ń dá a lóhùn, a sì tún gbé orin padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe àwo púpọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn wà lára àwo gẹ́gẹ́ bí Meranda. Melodisc, ilé-iṣẹ́ àwo kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tó gbé wọn jáde, èyí tó mú kí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kàwé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè gbọ́ jùjú nínú yàrá wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àwo náà ni Ibikunle Alakija, èyí tí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn pé orin ìyìn fún ènìyàn ni. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn tí Èkó ń bọlá fún láàárín ọdún 1937 sí àkókò òmìnira lè rí orúkọ wọn nínú àwo orin irú èyí.

Àwọn tó tẹ̀ lé e àti ikú rẹ̀

Kò pẹ́ tí gìtá oníná fi di dandan. I. K. Dáíró, tó dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀ ní ọdún 1957, fi àkọ́díọ̀nù kún un, ó sì gba oyè MBE láti ọwọ́ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1963. Túndé Nightingale ń fi ohùn òkè rẹ̀ da àwọn ọlọ́lá Èkó lórí rú. Ebenezer Obey dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní ọdún 1964, King Sunny Adé náà sì dìde kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí. Àwọn ọ̀dọ́ yìí kò lo gìtá kan ṣoṣo bí Bákàrè. Gìtá mẹ́ta, mẹ́rin ni wọ́n ń tò, olúkúlùkù pẹ̀lú wáyà tirẹ̀. Tíráńsítọ̀ náà dé, ó fúyẹ́, kò fẹ́ kí a kọ́kọ́ gbóná rẹ̀, ó sì ń jẹ bátìrì díẹ̀. Fáàfù bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú rédíò àti nínú àpótí olórin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onígìtá káàkiri àgbáyé ṣì ń wá a títí di òní nítorí adùn ohùn rẹ̀ nígbà tí a bá tì í kọjá agbára.

Bákàrè kò fi iṣẹ́ orin sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìgbà tirẹ̀ ti ń kọjá lọ. Ó kú ní ọdún 1972, ní ẹni ọgọ́ta ọdún.

Ní ọdún 1990, Christopher Waterman, onímọ̀ orin ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí ìtàn jùjú láti ọwọ́ University of Chicago Press. Ìwé náà fi Bákàrè sí ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó la ọ̀nà gìtá oníná, ó sì ṣàlàyé ìdí tí ó fi pààrọ̀ ohun èlò. Láti ìgbà tí Bákàrè ti gbé báńjò sílẹ̀, báńjò kò tún padà gba ipò olórí nínú jùjú mọ́. Inú àwọn àwo dúdú líle àtijọ́, bí irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún His Master's Voice ní ọdún 1937, ni ìró rẹ̀ wà, pẹ̀lú ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Láfíàjì kan tó ń kọrin sókè díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti mọ́ lára láti bá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jà.